Sàdáàkì Mi Tí Wọ́n Fi Iná Jó

                                                            Yàrá Ẹ̀yìnkùlé,
                                                            Ilé 27, Rosettenville,
                                                            Johannesburg,
                                                            South Africa.
                                                            Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹjọ, 2025.

Fasilat ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, èyí tí a jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ọ̀gá wa,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ikọ́ tó ń yọ ọmọ lẹ́nu ńkọ́, ṣé ó ti lọ tán? Màmá ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ wọn ti gbà kí wọ́n máa rìn dé mọ́ṣáláṣí? Ẹ kú òjò o, mo gbọ́ pé ó ń rọ̀ gan-an nílé báyìí. Òtútù ni tiwa níbí. Kì í ṣe irú ọyẹ́ tí a mọ̀ ní Ìsẹ́yìn o, èyí máa ń wọnú eegun lọ ni. Omi tí mo bá gbàgbé síta, dídì ni mo máa ń bá a láàárọ̀. Ara mi le, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì ń jẹun. Inú ló ń bí mi, Fasilat. Inú ń bí mi débi pé mo ti ya ìwé dànù kí n tó kọ èyí, torí báírò ń gún un já.

O máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi ohùn ránṣẹ́ lórí wásáàpù bí mo ṣe máa ń ṣe. Ògiri kan ló wà láàárín yàrá wa àti kíṣìnnì Àǹtí Salamot. Tí mo bá sín, wọ́n á ti ibẹ̀ kí mi pé "pẹ̀lẹ́ o, ìyàwó." Àǹtí Salamot ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, àwọn ló nilé, ẹ̀yìnkùlé wọn lèmi àti Tesleem ń gbé. Bọ̀dá Túbọ̀sún tó ń gbé ní Turffontein ló ń bọ̀ nílé, àwọn ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Má fi kíkọ mi ṣe yẹ̀yẹ́, ìwé mẹ́fà náà ni mo ṣì kà. Nǹkan kan sì tún wà tó máa yà ọ́ lẹ́nu. O mọ̀ pé èmi kì í pe Tesleem ní "ó." "Wọ́n" ni mo máa ń pè é, lójú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀. Nínú lẹ́tà yìí, "ó" ni màá máa pè é. Kò ní kà á, inú sì ń bí mi.

Ṣé o rántí ọjọ́ yìgì wa? Ìwọ lo jókòó tì mí lápá ọ̀tún. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n gbé sàdáàkì jáde, tí gbogbo ènìyàn ń retí owó tàbí Kùránì, àpótí pákó kékeré tó mọ níwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ ni Tesleem gbé kalẹ̀. Owó góòlù kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, kò tóbi ju bọ́tìnnì kóòtù lọ, wọ́n dé e mọ́ inú ike tó mọ́ gaara, àgbọ̀nrín kan ń sáré lára rẹ̀. Àbúrò bàbá mi ní, "Kọ́ìnì kan? Ṣé gúgúrú lẹ fẹ́ fi rà ni?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìwọ náà rẹ́rìn-ín, má sẹ́.

Ààfáà gbé ọwọ́ sókè, gbogbo wa dákẹ́. Wọ́n ní sàdáàkì kì í ṣe ti bàbá ìyàwó, kì í ṣe ti ìyá rẹ̀. Wọ́n ní ọkọ tó gbé e kalẹ̀ pàápàá kò láṣẹ lórí rẹ̀ mọ́, àfi tí ìyàwó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún un. Wọ́n wá yíjú sí mi: "Hamidah, ṣé o gbà á?" Mo mi orí. Wọ́n ní àwọn ò gbọ́. Ìwọ já mi léèékánná nítan. Mo ní, "Mo gbà á." Ohùn mi kéré bíi ti ẹ̀fọn, àwọn ìyá ẹ̀yìn tún ń béèrè pé kí ló wí. Gbogbo ohun tí mo sọ lọ́jọ́ náà nìyẹn, Fasilat. Mo rò pé ó tó.

Nígbà tí mo dé ibí, Tesleem mú mi lọ sí Bruma, lọ́dọ̀ ọkùnrin tó ta owó náà fún un. Ọ̀gbẹ́ni Ògúnjìmí ni orúkọ wọn, ará Èkìtì ni wọ́n, iṣẹ́ àkáǹtì ni wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó fi í sílẹ̀. Owó ìrántí ni wọ́n ń rà báyìí, àwọn tó ń kó o jọ ni wọ́n sì ń tà á fún. Ṣọ́ọ̀bù wọn ò fẹ̀ ju ti ọ̀gá wa lọ, ṣùgbọ́n irin ló wà lẹ́nu ọ̀nà, irin mìíràn tún wà lẹ́yìn irin náà.

Bí a ṣe jókòó báyìí ni ọkùnrin kan wọlé tòun ti ìbọ̀sẹ̀ tó kún fún kọ́ìnì ráńdì márùn-ún, èyí tí wọ́n ya orí Mandela sí. Ó ti wo fídíò kan lórí fóònù tó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó ra mọ́tò. Ọ̀gbẹ́ni Ògúnjìmí fi sùúrù yẹ gbogbo rẹ̀ wò, wọ́n sì dá ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ padà fún un. Wọ́n ní owó ìrántí ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe é lọ́pọ̀ yanturu, kò sí àpò tí kò sí, gbogbo ara rẹ̀ sì ti ha níbi tó ti ń yí káàkiri. Kó lọ fi ra búrẹ́dì. Ọkùnrin náà fi èdè Súlù bú wọn kó tó jáde.

"Ìyàwó, o rí iṣẹ́ mi báyìí?" ni wọ́n wí. "Kí n máa sọ fún ènìyàn pé kò lówó, iṣẹ́ mi nìyẹn."

Wọ́n wá jókòó, wọ́n kọ́ mi, wọ́n fara balẹ̀ bíi pé ọmọ wọn ni mí. Wọ́n ní kì í ṣe pé owó pẹ́ ló ń jẹ́ kó níye lórí, kì í sì í ṣe orí ẹni ńlá tó wà lára rẹ̀. Kí ni wọ́n fi ṣe é? Góòlù ni wọ́n fi ṣe tèmi, góòlù sì ní iye tí wọ́n ń rà á lójoojúmọ́, ì báà wó, ì báà tẹ̀. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ pátápátá ni iye yẹn wà. Ohun tó ń gbé e kúrò nísàlẹ̀ ni pé mélòó ni wọ́n ṣe lọ́dún náà, ta ló ń wá a, ṣé ó sì wà bó ṣe jáde nílé iṣẹ́. Díẹ̀ ni wọ́n ṣe nínú irú tèmi. Ojú rẹ̀ ń dán bíi dígí, o lè ka eyín rẹ nínú rẹ̀. Wọ́n ní tí mo bá fi ìka kan kàn án lójú, òróró ara mi á mú un, ó lè má lọ mọ́. Tí mo bá sì fọ̀ ọ́ pẹ́nrẹ́n, mo ti bà á jẹ́ nìyẹn. Ike rẹ̀, àpótí rẹ̀, ìwé pélébé tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn ò gbọ́dọ̀ pínyà.

"Mo mọ ẹ̀yin obìnrin wa," wọ́n ní, "ẹ ò lè rí nǹkan kí ẹ má fọ̀ ọ́. Òroǹbó wẹ́wẹ́ àti eérú, gbàgbé ẹ̀ o! Kànìnkànìn, gbàgbé ẹ̀! Kódà, má mí sí i."

Mo rẹ́rìn-ín, Tesleem náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní oníbàárà wọn kan wà, ìyá arúgbó kan ní Pretoria tó ti ń kó irú owó náà jọ láti ìgbà tó ti wà lọ́mọge, tó ní ti ọdún gbogbo tó ń wá àyàfi ọdún tèmi. Tí ìyá yẹn bá rí i, iye tó máa san á fi góòlù lásán sílẹ̀ jìnnà. Ṣùgbọ́n wọ́n ní, "Mi ò tì ọ́ o. Tìẹ ni. Lọ́jọ́ tó bá wù ọ́ láti tà á, ìwọ ni kí o pè mí, kì í ṣe ọkọ rẹ." Wọ́n wo Tesleem. Tesleem mi orí sí i. Mo rí i, Fasilat! Ojú mi ló ṣe mi orí sí i!

Mo rò ó fún ìgbà pípẹ́. Ní ibí, ṣọ́ọ̀bù irun Àǹtí ni mo máa ń lọ láàárọ̀, mo máa ń gbá ilẹ̀, mo máa ń fọ orí fún àwọn oníbàárà. Oúnjẹ ni mo ń jẹ níbẹ̀, wọn kì í san owó fún mi. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù yẹn, obìnrin ará Mozambique kan wà tó ń rán aṣọ ilé ìwé. Ó rí i bí mo ṣe ń dúró wo ọwọ́ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ló bá fà mí wọlé lọ́jọ́ kan, ó ní kí n rán kọ́là. Mo rán an. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ní tí mo bá lè gbé ẹ̀rọ oníná méjì wá, èyí tó ń ránṣọ àti èyí tó ń ká etí aṣọ, òun máa fún mi ní ìdajì ṣọ́ọ̀bù kí àwọn ọmọ tó wọlé ní oṣù Kìn-ín-ní. Ìdajì ṣọ́ọ̀bù, Fasilat! Kí n ní tábìlì tèmi, kí ẹnìkan máa wọlé wá béèrè pé "Hamidah dà?"

Mo sọ fún Tesleem pé mo fẹ́ ta owó góòlù náà. Ó ní, "Tìẹ ni." Èmi fúnra mi ni mo pe Ọ̀gbẹ́ni Ògúnjìmí lórí fóònù. Ní ilé ìwẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ náà kọ́ra kí n tó pè wọ́n. Wọ́n ní ìyá Pretoria máa wá ní ọjọ́rú.

Ọjọ́ àìkú tó ṣáájú ọjọ́rú yẹn, àwọn obìnrin àsàlátù ṣe àdúrà nílé Àǹtí. Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, Àǹtí pè mí sáàárín. Wọ́n ní kí n dijú. Mo dijú. Mo gbọ́ tí nǹkan tutù lọ́rùn mi, wọ́n ní kí n lajú, gbogbo ilé ti ń pariwo "Allāhu Akbar," fóònù wà níwájú ojú gbogbo wọn. Mo wo àyà mi. Àgbọ̀nrín mi ló ń sáré níbẹ̀.

Wọ́n ti fọ́ ike rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ wúrà kan ní ìlú ti fi iná jó òrùka mọ́ ọn lórí, iná ti mú etí rẹ̀ dúdú, ó sì ti fi nǹkan ha dúdú náà títí ó fi ha ojú rẹ̀ mọ́ ọn. Dígí yẹn ti lọ. Mi ò rí eyín kankan nínú rẹ̀ mọ́.

"Ẹ wá wo ìyàwó mi!" Àǹtí ló ń kígbe bẹ́ẹ̀. "Eish! Sàdáàkì tí wọ́n tì mọ́nú ike bí oògùn ibà! Ta ló fẹ́ mọ̀ pé wọ́n fẹ́ ẹ sílé? Ìyá àgbà wa ní Ìsẹ́yìn, pọ́n-ùn góòlù ló wà lọ́rùn wọn títí ọlọ́jọ́ fi dé. Góòlù kì í ṣe ohun tí wọ́n ń kó pamọ́, ọrùn ni wọ́n ń fi í sí!"

Obìnrin kan ti ẹ̀yìn ní, "Ìyàwó, sọ̀rọ̀ nà! Àbí ayọ̀ ti di ẹ́ lẹ́nu ni?" Òmíràn ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, ojú ń tì í ni, ìyàwó tuntun ni."

Mo rẹ́rìn-ín. Ohun tó ń bí mi nínú jù nínú ti ọjọ́ náà nìyẹn, pé mo rẹ́rìn-ín. Fọ́tò náà wà káàkiri orí fóònù wọn, ó lè ti dé ọ̀dọ̀ rẹ. Tí o bá rí i, má gba ẹ̀rín yẹn gbọ́. Èyí tí mo lè rí sọ kò ju pé, "Àǹtí, níbo lẹ ti rí i?"

"Ọkọ rẹ ló fi lé mi lọ́wọ́ o! A fẹ́ kó bá ọ lójijì ni."

Fasilat, kọ́kọ́rọ́ báàgì mi tí mo tọ́jú owó náà sí, èmi àti Tesleem nìkan la mọ ibi tí mo ń fi sí.

Mi ò lè bá Àǹtí jà. Àgbà ni wọ́n, ire ni wọ́n sì rò pé àwọn ń ṣe, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Owó ara wọn ni wọ́n san fún alágbẹ̀dẹ, owó ara wọn ni wọ́n fi ra ṣéènì. Ṣùgbọ́n Tesleem? Tesleem jókòó ní Bruma. Tesleem gbọ́ "má mí sí i." Bí a ṣe wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn. Mo bi í pé, "Ṣé ẹ ò gbọ́ ohun tí Ọ̀gbẹ́ni Ògúnjìmí sọ ni?"

Ó ní, "Mo gbọ́."

"Ṣé ẹ ò gbọ́ ohun tí Ààfáà sọ ni?"

"Mo gbọ́, Hamidah."

"Ìyá Pretoria ńkọ́? Mo sọ fún un yín pé ọjọ́rú ni!"

Ó ní òun rò pé ìyá náà ṣì máa rà á bẹ́ẹ̀, pé góòlù ṣì ni góòlù. Ó ní Àǹtí ló san tíkẹ́ẹ̀tì tí òun fi dé ìlú yìí, Àǹtí ló gba òun sílé nígbà tí òun ò ní ẹnìkan. "Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ pé rárá fún Àǹtí?"

Mo ní, "Ẹ ò lè sọ pé rárá fún wọn, ẹ wá fi tèmi sọ bẹ́ẹ̀ ni."

Ó ń wo bàtà rẹ̀. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n máa fi sọ́rùn fún ìgbà díẹ̀ kí inú Àǹtí má baà bàjẹ́. Inú Àǹtí! Inú tèmi ti bàjẹ́ tán nílẹ̀, kò sẹ́ni tó ń wo ibẹ̀. Tí ó bá wá bá mi pé, "Hamidah, Àǹtí fẹ́ fi owó rẹ ṣe nǹkan ọrùn, kí lo rí sí i," bóyá mo lè ti gbà, torí o mọ̀ mí, ojú máa ń tì mí. Ṣùgbọ́n kó bi mí! Ṣé bíbi mí náà ló wá wọ́n tó bẹ́ẹ̀?

Ó ní kí n mú sùúrù di Sátidé, òun á tẹ̀lé mi lọ sí Bruma. Nígbà tó lọ síbi tó ti ń tún fìríìjì ṣe ní ọjọ́rú, mo wọ híjáàbù mi, mo jáde. Mi ò dá wọ taxi rí ní ìlú yìí. Mo gbé ìka sókè bí wọ́n ṣe ń ṣe, ọ̀kan dúró, mo wọlé. Ní àárín ìlú, mo sọ̀ kalẹ̀ mo wọ òmíràn. Mi ò gbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n inú tó ń bí mi ló ń tì mí lọ. Gbogbo robot, ìyẹn iná ojú títì, tí mọ́tò bá dúró sí ni mo ń kà á sí pé ó ń dá mi dúró.

Ọ̀gbẹ́ni Ògúnjìmí ṣílẹ̀kùn irin wọn, wọ́n ní, "Ìyàwó! Ìyá Pretoria á dé láìpẹ́." Wọ́n wá rí ọrùn mi. Wọ́n yọ awò ojú wọn. Wọn ò ṣe àwàdà kankan. Mo tú ṣéènì náà, mo gbé owó náà fún wọn, wọ́n fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó.

"Ta ló ṣe èyí?"

Mo sọ fún wọn. Wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n ní ìyá Pretoria kò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ò tilẹ̀ ní jẹ́ kó rí i, torí ó máa dùn ún. Wọ́n pè é lójú mi, wọ́n ní kó má wulẹ̀ wá mọ́. Mo ń gbọ́ ohùn arúgbó náà nínú fóònù, ó ń béèrè nǹkan léraléra bí ọmọ tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Fasilat, mi ò mọ obìnrin náà rí, ṣùgbọ́n àánú rẹ̀ ṣe mí. Àwa méjèèjì la jọ pàdánù.

Wọ́n gbé owó náà sórí òṣùwọ̀n. Wọ́n ní, "Ibi tí mo sọ fún ọ pé ó jẹ́ ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ló bọ́ sí báyìí. Góòlù rẹ̀ pé, màá san iye góòlù bó ṣe wà lónìí, mi ò ní yọ nǹkan kan. Ìyókù ti bá iná lọ. Tí o bá sì fẹ́ máa fi sọ́rùn, ó ṣì rẹwà lọ́rùn, mi ò ní parọ́. Lọ rò ó, kí ìwọ àti ọkọ rẹ jọ sọ ọ́."

Mo ní mo ti rò ó.

Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Ó dáa. Iye góòlù. Ṣé o gbà á?"

Ìbéèrè Ààfáà gan-an nìyẹn. Láti ọjọ́ yìgì mi, kò sẹ́ni tó tún bi mí bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ ibi tí ohùn náà ti wá. Mo ní, "MO GBÀ Á!" Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà sáré wọlé, ó rò pé wọ́n ń jà. Ọ̀gbẹ́ni Ògúnjìmí ní, "Ìyàwó, mo gbọ́ o, etí mi ò di." Ẹ̀rín pa mí, ẹkún sì gbọ̀n mí.

Kí n tó gbàgbé: agolo kọ́bọ̀ àtijọ́ tí bàbá rẹ gbé sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Ògúnjìmí nípa rẹ̀. Wọ́n ní kí ẹ má retí ilé alájà níbẹ̀, torí púpọ̀ nínú wọn ló wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n kí ẹ má fọ̀ wọ́n. Ẹ kó wọn sínú bébà gbígbẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má máa ha ara wọn, kí ẹ fi han ẹni tó mọ̀ ọ́n. Mo mọ ìwọ, o ti fẹ́ gbé eérú. Gbé eérú sílẹ̀.

Nígbà tí mo dé, Àǹtí wà lẹ́nu géètì. Wọ́n wo ọrùn mi. "Nǹkan ọrùn rẹ dà?"

Mo kúnlẹ̀, mo fi ṣéènì náà lé wọn lọ́wọ́. Mo ní, "Tiyín rèé, Àǹtí. Ẹ ṣeun. Tèmi ni mo tà."

"O tà á? O ta sàdáàkì? Yéè! Tesleem! Wá gbọ́ ohun tí ìyàwó rẹ ṣe o!"

Láti ọjọ́ náà, Àǹtí kì í kí mi tí mo bá sín. Àwọn obìnrin àsàlátù ti fún mi lórúkọ, Ìyàwó Ata-sàdáàkì ni wọ́n ń pè mí. Ẹni tó fi iná jó o, wọn ò fún un lórúkọ. Ẹni tó ṣí báàgì mi tó gbé e jáde, wọ́n ń bá a kẹ́dùn pé ìyàwó rẹ̀ le. Ṣé o rí ayé? Nígbà tí mi ò sọ̀rọ̀, wọ́n ní ojú ló ń tì mí, mo dára lọ́mọ. Mo sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, mo di ẹni tó le.

Iye góòlù náà kò tó ẹ̀rọ méjì. Ọ̀kan ló tó, àlòkù, èyí tó ń ránṣọ. Obìnrin Mozambique ní ìdajì ṣọ́ọ̀bù ò lè sí báyìí, ṣùgbọ́n òun á máa kó kọ́là fún mi rán nílé títí èkejì á fi dé. Tesleem bá mi lọ gbé ẹ̀rọ náà. Irin ni gbogbo rẹ̀, ó wúwo bí òkúta. Láti ibi tí taxi já wa sí, èjìká ló fi gbé e wálé. Ó gbé e kọjá níwájú fèrèsé Àǹtí, Àǹtí sì wà lójú fèrèsé, òógùn ń bọ́ lára Tesleem nínú òtútù. O mọ̀ pé ó yẹ kí n bá a di apá kan mú. Mi ò bá a dì í mú. Mo gbé báàgì mi lọ́wọ́, mo ń rìn lẹ́yìn rẹ̀.

Mo wá sọ ọ́ fún un nígbà tó gbé e kalẹ̀: láti òní lọ, ohunkóhun tó bá jẹ́ tèmi, kó bi mí. Ì báà jẹ́ abẹ́rẹ́.

Ní àná, ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀ ya lórúnkún. Ó mọ ẹ̀rọ náà lò díẹ̀, o mọ̀ pé bàbá rẹ̀ ń ránṣọ. Ó gbé ṣòkòtò náà dé iwájú ẹ̀rọ, ó na ọwọ́, ó fà á padà. Ó yíjú sí mi. Ó ní, "Hamidah, ṣé mo lè lo ẹ̀rọ rẹ?"

Mo jẹ́ kó dúró. Mo wo ṣòkòtò náà, mo wo òun náà. Mo ní, "Rárá."

Ohùn mi ò gbọ̀n, Fasilat. Mo rò pé nǹkan kan máa ṣẹlẹ̀, kí òrùlé jábọ́ tàbí kí Àǹtí lu ògiri. Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Tesleem ká ṣòkòtò náà, ó ní, "Ó dáa, mo gbọ́." Òun náà ti wá rí i báyìí pé ènìyàn lè sọ rárá kí ilé má wó.

Jọ̀ọ́, má sọ gbogbo èyí fún ìyá mi. Tí wọ́n bá béèrè nípa owó àgbọ̀nrín mi, sọ pé ó ti di ẹ̀rọ, pé èmi fúnra mi ni mo sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Bá mi kí ọ̀gá wa, sọ fún wọn pé kọ́là tí wọ́n fi rúlà nà mí lé lórí ló ń bọ́ mi níbí. Kí ọkọ rẹ, kí Màmá, kí bàbá rẹ àti agolo wọn. Fi ẹnu ko ọmọ lẹ́nu fún mi. Tí Bọ̀dá Túbọ̀sún bá ń padà bọ̀, fi abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ díẹ̀ rán wọn sí mi, tibí wọ́n, wọ́n sì tètè ń kán.

Èmi tí inú ń bí, tí mo ṣì jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ,

Hamidah olóhùn ẹ̀fọn.

Mo tún ṣí lẹ́tà yìí o. Bí mo ṣe fẹ́ lẹ̀ ẹ́ ni Tesleem dé láti ibi iṣẹ́, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ṣòkòtò kan náà, ó tún béèrè. Mo ní kó gbé e sílẹ̀ lórí àga. Mi ò tíì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni o. Mo ní kó gbé e sílẹ̀ ni.